Ẹ Wo Abẹ́ Rẹ̀ Ná: Bí A Ṣe Ń Dá Olú Bolete Mọ̀ Nínú Igbó Ìlú Ọba

Lọ́dún kan, nínú oṣù kẹsàn-án, mo mú àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé lọ sínú igbó kan ní Kent. Òjò ti fi ọjọ́ mẹ́ta rọ̀, ilẹ̀ rin gbingbin. A kò tíì rìn tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi figbe ta: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo olú ọ̀pẹ!” Kí n tó débẹ̀, ó ti lóṣòó, ọwọ́ rẹ̀ ti wà ní ìdí olú náà.

Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó wuni lóòótọ́. Orí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tí oòrùn ti fẹ́ pa, ara rẹ̀ ń dán, ìdí rẹ̀ sì jókòó sínú àpò funfun kan bí ìgbà tí ẹyin bá là. Àpò yìí ló tan àbúrò mi. Nílé, olú tó ń hù lórí pàǹtí ẹyìn àti lára ọ̀pẹ tó ti jẹrà ní irú àpò bẹ́ẹ̀ ní ìdí, ìyá wa sì ti sè é fún wa jẹ láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ wo ló wà ní Kent? Igi oak ló wà lókè orí wa. Ohun tó fẹ́ hú yẹn ni wọ́n ń pè ní death cap. Ìlàjì ẹyọ kan tó láti pa géńdé.

Mo ní kó fi ọwọ́ gbé etí orí rẹ̀ sókè kó wo abẹ́ rẹ̀. Fífọwọ́ kàn án kì í pani, jíjẹ ẹ́ ló ń pani. Abẹ́ náà funfun, ó tò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ojú ewé ìwé tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà mo mú un lọ sí ìdí igi birch kan tí kò jìnnà, mo fi olú mìíràn hàn án. Abẹ́ tiẹ̀ rí bí fóòmù bẹ́ẹ̀dì, ihò wínníwínní ló kún ibẹ̀. “Èyí ni bolete,” ni mo wí. Bí mo ṣe ṣàlàyé fún un lọ́jọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí, pẹ̀lú àṣìṣe témi fúnra mi ti ṣe.

Kí ẹ tó jáde nílé

Bolete kì í hù níbi tí kò bá sí igi. Ara rẹ̀ gan-an jẹ́ okùn tín-ín-rín tó wà nínú ilẹ̀, tó lọ́ mọ́ gbòǹgbò igi: ó ń bá igi fa omi àti oúnjẹ ilẹ̀, igi ń fún un ní ṣúgà. Èyí tí à ń rí lókè, èso rẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí penny bun, bolete tí àwọn èèyàn fẹ́ràn jù, tí wọ́n ń tà lọ́jà fi jẹ́ ti inú igbó, tí kì í ṣe ti inú ahéré bí olú funfun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lè máa wá bolete láti oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá ni ọjà rẹ̀ máa ń kún. Bí òjò gidi bá rọ̀, tí ooru díẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀, ẹ fún un ní bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wá jáde.

Ẹ mú apẹ̀rẹ̀ dání, ẹ má mú láílọ́ọ̀nù, nítorí inú láílọ́ọ̀nù ni olú ti ń làágùn tó sì ń bàjẹ́ kí ẹ tó délé. Ẹ mú ọ̀bẹ kékeré, búrọ́ọ̀ṣì, àti àpò pépà mélòó kan kí olú tí ẹ kò bá dá lójú má bàa fara kan èyí tó dá yín lójú. Ẹ ti ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀ nítorí eégbọn. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà níbí, àìsàn Lyme ni wọ́n ń gbé kiri.

Ọ̀rọ̀ òfin ńkọ́? Òfin olè jíjà ti ọdún 1968 sọ pé ẹni tó bá ká olú tó lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀ kò jalè, àfi tó bá jẹ́ pé títà ló fẹ́ tà á. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ gbogbo igbó di ilẹ̀ bàbá wa. Nínú Epping Forest tó wà létí Lọ́ńdọ̀nù, tó wà lábẹ́ City of London Corporation, wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni ká ẹyọ kan. Bolete kan sì wà tí wọ́n ń pè ní royal bolete, tí orí rẹ̀ pọ́n tí abẹ́ rẹ̀ yẹ́lò. Ó wà lára ohun tí òfin ọdún 1981 lórí ẹranko àti ewéko igbó dáàbò bò. Ẹ yà fọ́tò rẹ̀, kí ẹ kọjá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: abẹ́ orí

Kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn lára olú, ẹ yí i wo. Bí ẹ bá rí ohun tó tò bí ojú ewé ìwé láti etí wá sí ìdí ẹsẹ̀, kì í ṣe bolete. Ẹ fi sílẹ̀. Àwọn tó ń pani jù nínú igbó Ìlú Ọba, bíi death cap, destroying angel, deadly webcap àti funeral bell, bí ìwé ni abẹ́ gbogbo wọn rí. Nítorí náà, ìyíwò kan yìí ti mú yín kúrò lójú ọ̀nà ikú. Kò tíì mú yín kúrò lójú ọ̀nà èébì àti ìgbẹ́ gbuuru o.

Bí ó bá jẹ́ ihò wínníwínní lẹ rí, ẹ wá wò ó bóyá ó rọ̀. Àwọn olú kan wà tó ń hù lára ìtì igi bí pẹpẹ, àwọn náà ní ihò lábẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn le bí awọ bàtà, ihò náà sì mọ́ wọn lára. Ti bolete yàtọ̀: ilẹ̀ ló ti ń hù, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà láàárín, ẹran ara rẹ̀ rọ̀, bí ẹ bá sì fi èékánná họ fóòmù abẹ́ rẹ̀, á ṣí kúrò lára orí bí ìgbà tí a bá ń bó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n.

Ẹ wá fi ọkàn sí àwọ̀ ihò náà. Funfun ni? Yẹ́lò ni? Àwọ̀ ewé ràkọ̀ràkọ̀ ni? Pínǹkì ni? Àwọ̀ ọsàn tàbí pupa ni? Ẹ rántí pé ọjọ́ orí máa ń yí i padà. Ti penny bun ọmọdé funfun, ihò rẹ̀ sì dí débi pé ẹ ó rò pé wọ́n fi ẹfun rẹ́ ẹ. Tó bá dàgbà á di yẹ́lò, tó bá gbó á di àwọ̀ ewé. Bí ẹ bá rí mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójú kan, ẹ wo àgbà àti ọmọ inú wọn pọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo kì í sọ ìtàn rẹ̀ tán.

Ìgbésẹ̀ kejì: igi wo ló wà lókè?

Èyí ni àwa tí a ti ilé wá máa ń fò. Orúkọ igi níbí ò sí lẹ́nu wa, nítorí náà a kì í wòkè. Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kọ́kọ́ mọ igi márùn-ún péré.

Birch rọrùn jù: èèpo rẹ̀ funfun, ó sì máa ń ṣí bíi pépà. Beech, èèpo tiẹ̀ dán, ó ní àwọ̀ eérú, ó rí bí ẹsẹ̀ erin. Oak, etí ewé rẹ̀ rí gbágungbàgun, èso rẹ̀ sì jókòó sínú fìlà kékeré. Pine, bí abẹ́rẹ́ ni ewé rẹ̀ rí, èyí tí ẹ ó sì máa rí jù máa ń yọ ewé ní méjìméjì láti ojú kan. Larch náà ní ewé bí abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ìdì ìdì ni wọ́n, gbogbo rẹ̀ sì ń wọ́ dànù nígbà òtútù.

Ohun tí igi ń sọ fún yín pọ̀. Bolete tó ní ìpẹ́ dúdú lẹ́sẹ̀, ìdí birch ni ẹ ó ti sábà rí i. Bolete tó ń yọ̀ tí orí rẹ̀ sì pọ́n bí wúrà, larch ni. Bí ẹ kò bá rí larch kankan nítòsí, ẹ tún ojú yín nù. Penny bun kì í ṣe onínúure sí igi kan ṣoṣo: ó ń bá oak, beech, birch, pine àti spruce (igi mìíràn tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́) gbé. Bay bolete fẹ́ràn pine jù. Ẹ kọ orúkọ igi sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, nítorí tí ẹ bá délé, gbogbo igbó á jọra nínú orí yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹsẹ̀ rẹ̀

Ní àkókò tí ẹ ṣì ń kọ́ ọ, ẹ má gé olú lókè ilẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ yí i pẹ̀lẹ́, kí ẹ fà á jáde látìdí, kí ẹ fi ewé bo ojú ihò náà. Ìdí ni àṣírí máa ń wà. Ká ní àbúrò mi gé death cap yẹn lókè ni, àpò rẹ̀ ì bá kù sínú ilẹ̀, ẹ̀rí kan ì bá sì ti sọnù.

Lára ẹsẹ̀ bolete, ohun mẹ́rin ni kí ẹ máa wá. Àkọ́kọ́ ni àwọ̀n: ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tó hun ara wọn, tó rí bí ìgbà tí wọ́n fa àwọ̀n apẹja mọ́ ẹsẹ̀. Ẹ mọ àwọ̀ rẹ̀, nítorí àwọ̀n funfun, àwọ̀n búráùn àti àwọ̀n pupa, ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ìkejì ni ìpẹ́ dúdú tó gún ọwọ́ díẹ̀ bí irùngbọ̀n ọkùnrin tí kò fá á láti àná. Ìkẹta ni àmì pupa wẹ́wẹ́ tí kò so pọ̀. Ìkẹrin ni òrùka, awọ fẹ́lẹ́ tó kù sára ẹsẹ̀ lẹ́yìn tí orí là. Àwọn kan kò ní ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹsẹ̀ wọn kàn ní ilà búráùn ṣáá. Bay bolete wà nínú wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ gé e, ẹ dúró

Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ihò abẹ́ rẹ̀. Ẹ ka ení dé ogún. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọ̀bẹ là á sí méjì láti orí dé ìdí, kí ẹ tẹjú mọ́ ẹran inú rẹ̀. Bolete mìíràn kò ní yí padà rárá. Òmíràn á di aró díẹ̀díẹ̀. Òmíràn, kí ẹ tó gbé ọ̀bẹ kúrò, á ti di aró kíkún bí aṣọ àdìrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo ju olú náà nù, mo rò pé ó ń ṣe oògùn.

Kò sí oògùn níbẹ̀. Èròjà kan wà nínú ẹran olú náà tó ń di aró bí afẹ́fẹ́ bá kàn án, gẹ́gẹ́ bí iṣu ewùrà ṣe ń yí àwọ̀ tí a bá bó o tán tí a gbàgbé rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, dídi aró kò sọ pé olú kan ní májèlé, àìdi aró kò sì sọ pé kò ní. Ẹ̀rí kan lásán ni, tí ẹ ó fi kún àwọn tó kù.

Síbẹ̀, òfin kan wà tí mo fi ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, èmi náà sì lò ó fún ọdún méjì gbáko: bí pupa bá wà níbikíbi lára rẹ̀, lórí, lábẹ́ tàbí lẹ́sẹ̀, ẹ fi sílẹ̀; bí ó bá di aró, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ó fi àwọn kan tó ṣeé jẹ sílẹ̀, mo gbà. Bay bolete á lọ, ó sì dùn. Ẹ jẹ́ kó lọ. Igbó kò ní kúrò níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ahọ́n àti lẹ́búlẹ́bú

Bí olú bá ti kọjá gbogbo ìgbésẹ̀ yẹn, tó jẹ́ bolete lóòótọ́, tí kò sì ní pupa kankan, ẹ lè gé bíńtín lára rẹ̀, kí ẹ fi kan ṣóńṣó ahọ́n, kí ẹ tu ú dànù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má gbé e mì. Kíkorò ni ẹ ń fi èyí wá, bí ti bitter bolete tí ẹ ó bá pàdé nísàlẹ̀. Ẹ má sì ṣe èyí láé sí olú tí abẹ́ rẹ̀ rí bí ìwé.

Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ rọrùn. Ẹ gé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ da orí rẹ̀ dé sórí pépà funfun, ẹ fi abọ́ bò ó mọ́lẹ̀ di òwúrọ̀. Ohun tí ẹ ó bá lórí pépà ni irúgbìn rẹ̀. Ti penny bun máa ń ní àwọ̀ búráùn tó dàpọ̀ mọ́ ti ewé. Bí ó bá jáde ní pínǹkì, penny bun kọ́ lẹ gbé wálé.

Àwọn tí ẹ ó máa bá pàdé

Penny bun ni ọba wọn. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ni Boletus edulis. Orí rẹ̀ jọ ẹ̀yìn búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, búráùn, pẹ̀lú ilà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ létí rẹ̀. Ó lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà márùn-dínlọ́gbọ̀n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sanra bí ẹsẹ̀ ọmọ ìkókó, ó wú nísàlẹ̀, àwọ̀n funfun sì wà lára rẹ̀ lápá òkè. Ẹ là á: funfun, kò yí padà. Adùn rẹ̀ dà bí ẹ̀pà. Arákùnrin rẹ̀ kan wà, summer bolete, tó máa ń tètè jáde láti oṣù kẹfà nídìí oak àti beech; àwọ̀n tiẹ̀ máa ń sọ̀ kalẹ̀ jù, awọ orí rẹ̀ sì máa ń sán ní ọjọ́ ọ̀gbẹlẹ̀. Bí ẹ bá ṣi ọ̀kan pè ní èkejì, kò séwu.

Ẹni tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣì í mú ni bitter bolete, Tylopilus felleus. Kì í pani. Ìkòkò ọbẹ̀ ló ń pa. Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, mo kó olú méje wálé, mo ní penny bun ni gbogbo wọn. Mo gé wọn sínú ẹ̀fọ́ rírò pẹ̀lú pánlá àti ìrù tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé. Ìyàwó mi fi ṣíbí kan ẹnu, ó gbé e sílẹ̀. “Bàbá Tọ́lá, ewúro lẹ fi sè é ni?” Ewúro ì bá sàn. Ewúro tí a bá fọ̀, kíkorò rẹ̀ á dínkù. Èyí, bí mo ṣe ń fi omi kún un ni gbogbo ìkòkò ń korò sí i. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú méje ló bà á jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni a da gbogbo rẹ̀ nù, pánlá tòun tìrù.

Nígbà tí mo padà wo fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù, ohun gbogbo ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn, ó sì ní àwọ̀ búráùn tó dúdú ju ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Abẹ́ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í di pínǹkì. Oúnjẹ ni mo ń wò, n kò wo olú.

Bàbá Polish kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nígbà náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn Polish mọ olú bí àwa ṣe mọ iṣu. Ó ní penny bun ni wọ́n ń pè ní prawdziwek, ìyẹn ojúlówó, ó ní èyí tó kó bá mi yẹn, szatan ni wọ́n ń pè é lẹ́nu. Sátánì! Ẹ wá wò ó: devil's bolete tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ti èṣù, olú mìíràn ni pátápátá, òun sì ní májèlé gidi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ orúkọ Látìn sínú ìwé mi, nítorí orúkọ àdúgbò lè sọ ẹni di aláìsàn.

Devil's bolete yìí, Rubroboletus satanas, kò wọ́pọ̀. Gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ ẹfun, nídìí beech àti oak. Orí rẹ̀ funfun bí ẹfun tí eruku bò, abẹ́ rẹ̀ pupa, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ìkòkò, àwọ̀n pupa sì wà lára rẹ̀. Bí a bá là á, á di aró fẹ́ẹ́rẹ́, láìyára. Tó bá gbó, ó ń run bí ẹran tó ti kan. Lenz, ọmọ Jámánì tó sọ ọ́ lórúkọ lọ́dún 1831, sọ pé òórùn rẹ̀ lásán kó àárẹ̀ bá òun níbi tí òun ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á máa bì á máa yàgbẹ́ fún wákàtí púpọ̀.

Ẹ ó máa rí scarletina ju ìyẹn lọ: orí rẹ̀ búráùn dúdú, abẹ́ rẹ̀ pupa mọ́ àwọ̀ ọsàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún àmì pupa wẹ́wẹ́ láìsí àwọ̀n, òun ló sì ń di aró lójú ẹsẹ̀ bí mo ṣe sọ lókè. Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí ń sè é jẹ, ṣùgbọ́n májèlé ni tí kò bá jinná. Èmi kò fọwọ́ kàn án títí dòní.

Bay bolete, Imleria badia: orí rẹ̀ ní àwọ̀ obì tó ti gbó, abẹ́ rẹ̀ yẹ́lò ràkọ̀ràkọ̀, ibi tí ẹ bá tẹ̀ níbẹ̀ á di aró mọ́ àwọ̀ ewé, bí ìgbà tí ara bá ṣe bàlà. Kò ní àwọ̀n lẹ́sẹ̀. Kòkòrò kì í sábà jẹ ẹ́ tó penny bun, ìyẹn sì jẹ́ ẹ̀bùn ńlá. Lẹ́yìn jàǹbá ilé iṣẹ́ iná nuclear ní Chernobyl ní 1986, ó wà lára àwọn olú tí wọ́n rí i pé wọ́n ń fa caesium, èròjà olóró tí jàǹbá náà fọ́n ká, sára gan-an, ìdí kan náà tí n kì í fi í ká olú létí títì márosẹ̀: ohun tó bá wà nínú ilẹ̀ ló ń mu.

Àwọn tó ní ìpẹ́ lẹ́sẹ̀ nídìí birch pọ̀, orí àwọn kan búráùn, orí àwọn kan ní àwọ̀ ọsàn. Ẹran ara ti ọlọ́sàn máa ń dúdú bí wọ́n bá là á. Ẹ gbọ́dọ̀ sè wọ́n jinná dáadáa, ó kéré tán ogún ìṣẹ́jú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ inú á run yín. Nígbà tí wọ́n bá ti dàgbà, wọ́n máa ń rọ̀ bí ẹ̀bà tó gba omi jù. Ọmọdé wọn nìkan ni mo ń ká. Slippery jack, tó ní òrùka lẹ́sẹ̀, tó ń yọ̀ bí ilá nídìí pine, ẹ bó awọ orí rẹ̀ kí ẹ tó sè é. Òun náà ń da inú àwọn kan rú.

Fóònù kò lè ṣe é fún yín

Mo mọ̀ pé áàpù wà tí ẹ ó kàn ya fọ́tò sí, tí á sì sọ orúkọ olú fún yín. Mo ti dán an wò. Ó pe bitter bolete ní penny bun, ó sì fi ìgboyà pè é. Fọ́tò kò lè gbóòórùn, kò lè tẹ abẹ́ olú, kò mọ igi tó wà lókè. Ẹ lò ó láti fi mọ ibi tí ẹ ó ṣí nínú ìwé, kí ó parí síbẹ̀.

Kódà ojú àwọn ọ̀mọ̀wé kò tó o nígbà mìíràn. Lọ́dún 2014, àwọn olùwádìí Kew Gardens, ọgbà ìwádìí ewéko ní Lọ́ńdọ̀nù, ra páálí porcini gbígbẹ kan níbẹ̀ (porcini ni orúkọ tí wọ́n fi ń ta penny bun àti àwọn ìbátan rẹ̀ lọ́jà), wọ́n yẹ DNA ègé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún inú rẹ̀ wò, wọ́n sì bá irú mẹ́ta tí kò tíì ní orúkọ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì níbẹ̀. Láti Ṣáínà ni olú náà ti wá, àwọn èèyàn sì ti ń jẹ ẹ́ láìmọ orúkọ rẹ̀.

Bí ẹ bá gbé e délé

Ẹ má fọ̀ ọ́ bí ẹ̀fọ́, omi ló ń mu. Búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò. Ẹ la gbogbo wọn sí méjì nítorí ìdin. Ẹ tún yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, nínú iná tó mọ́lẹ̀, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ká wọn. Èyí tí ẹ bá ṣiyè méjì lé lórí, kó lọ sínú pàǹtí.

Ẹ má jẹ ẹ́ ní tútù. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá jẹ irú kan, kó jẹ́ ìwọ̀n ṣíbí méjì, kó jinná, kí ẹ má mu ọtí mọ́ ọn, kí ẹ sì fi ẹyọ kan tí ẹ kò sè sínú fíríìjì fún ọjọ́ méjì. Wọ́n á fi mọ ohun tí ẹ jẹ bí ọ̀ràn bá dé. Àwọn àgbà wa máa ń ní bí ìgbín bá jẹ olú, èèyàn náà lè jẹ ẹ́, tàbí kí a fi iyọ̀ tàbí owó fàdákà dán an wò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbín ń jẹ death cap, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Sísè kò sì pa májèlé rẹ̀.

Èyí tó bá pọ̀ jù, ẹ gé e ní pẹlẹbẹ, kí ẹ sá a sórí ìdáná títí á fi máa dún ká bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ. Ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, bí ẹ bá ti kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi gbígbóná, máa ń jẹ́ kí àlejò béèrè irú ẹja tó wà níbẹ̀.

Bí inú bá wá ń run ẹni tó jẹ ẹ́ ńkọ́? Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan sábà máa ń jẹ́ ti inú lásán, ṣùgbọ́n ẹ pe 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera NHS, síbẹ̀. Èyí tó bá dúró di wákàtí mẹ́fà sí mẹ́rìnlélógún kó tó bẹ̀rẹ̀ ló burú jù, nítorí bẹ́ẹ̀ ni death cap ṣe ń ṣe é. Ó tún lè dẹwọ́ lọ́jọ́ kejì bí ẹni pé ó ti lọ, nígbà tó ń jẹ ẹ̀dọ̀ lábẹ́lẹ̀. Ẹ má mu epo pupa, ẹ má mu àgbo, ẹ má dúró di àárọ̀. Ẹ lọ sí A&E, ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn, tàbí kí ẹ pe 999. Ẹ gbé olú inú fíríìjì yẹn dání, àti èérún tó wà nínú pàǹtí, kí ẹ sì kó gbogbo ẹni tó jẹ nínú ìkòkò náà lọ, títí kan ẹni tí inú kò tíì run.